Ìgò Oyin Ni Ó Dá Mi Lẹ́jọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò buyì fún mi, ṣùgbọ́n mo rí i pé bí mo bá gbé e pamọ́, irú rẹ̀ yóò tún máa ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹlòmíràn. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ tèmi kò tilẹ̀ pé ogún ọdún. Ọdún méjìlá ni ó rìn, inú ìgò oyin kan ni òtítọ́ sì ti bá a, lórí tábìlì, níwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni. Wọ́n rán mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, wọ́n sì fi kíláàsì kẹfà lé mi lọ́wọ́. Ẹ mọ bí ọ̀dọ́mọkùnrin ti í rí nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ ń pè é ní tíṣà. Ojú ṣòkòtò mi mú bí ọ̀bẹ, pàṣán mi kò sì jìnnà sí ọwọ́ mi. Mo rò nígbà náà pé olùkọ́ tí ó bá jẹ́wọ́ àìmọ̀ níwájú ọmọ ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Lọ́jọ́ kan mo ń kọ́ wọn nípa inú ilẹ̀. Mo ya òbìrìkìtì ńlá kan sára pátákó, mo ní: "Ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ yìí, èèpo lásán ni. Lábẹ́ èèpo náà, iná tí ó ti di omi ni gbogbo rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, ó ń hó bí ọbẹ̀. Èèpo náà kàn léfòó lórí rẹ̀ ni, bí igbá lórí omi." Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn, ó sì dùn mọ́ mi nínú.

Ọmọbìnrin kan wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, ọmọ ọdún méjìlá. Màmá rẹ̀ ń ta òrí lọ́jà. Ó na ọwọ́ rẹ̀ sókè, mo ní kí ó wí, ó sì dìde. Ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, òrí tí màmá mi ń tà, bí wọ́n bá mọ ọ́n rogodo sínú igbá láàárọ̀, bí oòrùn bá ti ń mú, orí rẹ̀ á tẹ́, ìdí rẹ̀ á sì fẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kò di omi o sà. Bí ẹ bá gbé e, odindi ni ẹ ó gbé. Ṣé òkúta abẹ́ ilẹ̀ náà kò lè máa rìn bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ó di omi?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan kígbe pé "Olóòrí!", àwọn yòókù sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mo ní ọmọ yìí ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà ni, ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé n kò mọ ìdáhùn, mo sì rí i pé gbogbo ojú ń wò mí. Mo pè é síwájú, mo nà án lẹ́gba mẹ́ta, mo ní kí ó lọ jókòó. Kò sunkún. Ṣùgbọ́n títí ọdún náà fi parí, kò na ọwọ́ mọ́ nínú kíláàsì mi, n kò sì bìkítà láti bi í léèrè ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fò ó sí ọdún méjìlá lẹ́yìn náà. Nígbà ìsinmi kan, wọ́n kó àwa olùkọ́ jọ fún ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ mélòó kan. Olùkọ́ àgbà tí ó ń kọ́ wa fi àwòrán kan hàn wá: àpótí gíláàsì ńlá kan tí omi ṣúgà tí ó ki dípọ̀ wà nínú rẹ̀, ohun kan aláwọ̀ sì ń dìde láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí olú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, orí rẹ̀ ńlá, ìdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ní bí òkúta gbígbóná ti ń dìde láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ nìyí. Lẹ́yìn náà ó sọ gbólóhùn kan tí ó mú mi fi ìwé tí mo mú lọ́wọ́ sílẹ̀. Ó ní: "Ẹ má ṣe sọ fún àwọn ọmọ pé iná tó di omi ni. Òkúta líle ni. Líle ni, ó sì ń rìn."

Ẹ gbà mí o! Òrí màmá ọmọbìnrin yẹn ni mo rí lójú ẹsẹ̀. N kò gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà tún sọ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú márùn-ún.

Mo délé, mo wá ìwé kà. Ohun tí mo bá nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ là fún yín báyìí, kí ẹnikẹ́ni má tún jìn sí kòtò tí mo jìn sí.

Ẹ mú ẹyin sísè kan, kí ẹ là á sí méjì. Èèpo rẹ̀ dà bí èèpo ilẹ̀. Lábẹ́ àwọn ilẹ̀ gbígbẹ, èèpo yìí nípọn tó bí kìlómítà 35. Lábẹ́ òkun, kò ju bí kìlómítà 7 lọ. Funfun ẹyin náà dà bí ìpele tí àwọn onímọ̀ ń pè ní mántù, ó sì lọ sí ìsàlẹ̀ dé nǹkan bí kìlómítà 2,900. Pupa ẹyin dà bí irin tí ó wà láàárín gbùngbùn, ìta rẹ̀ ti yọ́ di omi, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ pátápátá tún le. Obìnrin kan ará Denmark, Inge Lehmann, ni ó fi hàn ní ọdún 1936 pé inú lọ́hùn-ún yìí yàtọ̀ sí ìta rẹ̀. Láti ibi tí ẹ dúró sí títí dé àárín gbùngbùn yẹn jẹ́ kìlómítà 6,371.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé mántù le? Nípa ìmìtìtì ilẹ̀ ni. Bí ilẹ̀ bá mì ní ibì kan, ìmìtìtì náà á la inú ilẹ̀ kọjá, àwọn ẹ̀rọ á sì gbọ́ ọ ní òdìkejì ayé. Oríṣi kan wà nínú rẹ̀ tí ń mi nǹkan sọ́tùn-ún sósì bí ìrù ẹṣin. Oríṣi yìí kò lè la omi kọjá láé. Ó ń la mántù kọjá ní gbogbo ọ̀nà. Ibi tí ó ti ń kú ni ìta pupa ẹyin yẹn. Nítorí náà òkúta líle ni mántù. Àfi ibi díẹ̀ tí kò jìnnà sí òkè ni díẹ̀ nínú rẹ̀ ti ń yọ́, èyí náà ni ó sì ń tú jáde ní àwọn òkè oníná.

Báwo wá ni ohun líle ṣe ń rìn? Ẹ wo ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe títì. Bí ó bá gan, òòlù á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Ní ọdún 1927, ọ̀jọ̀gbọ́n kan, Thomas Parnell, ní yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà, da irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ sínú àrọ gíláàsì kan. Ní ọdún 1930, ó gé ìdí àrọ náà kí ọ̀dà lè máa kán. Láti ìgbà náà títí di ọdún 2014, ẹ̀kán mẹ́sàn-án péré ni ó kán. Ohun tí òòlù ń fọ́ ni ó ń kán bí omi yìí, bí a bá fún un ní àyè. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Òkúta mántù lọ́ra ju ọ̀dà lọ lọ́nà tí ẹnu kò lè sọ tán, ṣùgbọ́n òun náà ń rìn. Èyí tí ó bá gbóná a fúyẹ́ díẹ̀, a máa dìde, èyí tí ó bá tutù a wúwo, a máa rì.

Ẹ̀yin ọlọ́jà á bi mí pé: ta ni ó lọ wò ó? Kò sí ẹni tí ó dé ibẹ̀. Ihò tí ènìyàn gbẹ́ tí ó tíì jìn jù lọ sísàlẹ̀ ni ti Kola ní Rọ́ṣíà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1970, ìgbà tí ó fi di ọdún 1989, ó jìn tó mítà 12,262. Kò tíì gbẹ́ èèpo ẹyin dé ìdajì, ooru ti lé wọn padà. Ohun tí ọwọ́ kò bá tó, ọgbọ́n ni a fi ń mú un.

Ní ọdún 1963, ará Kánádà kan, Tuzo Wilson, ń wo àwọn erékùṣù Hawaii. Wọ́n tò lọ bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí òkun. Erékùṣù tí iná ti ń yọ wà ní ìpẹ̀kun kan, ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù ọdún kan. Bí ẹ ti ń kúrò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dàgbà sí i, Kauai ti tó bí mílíọ̀nù ọdún márùn-ún. Wilson ní iná kan ṣoṣo ni ó wà nísàlẹ̀ tí kì í kúrò lójú kan, ilẹ̀ òkun ni ó ń sún kọjá lórí rẹ̀, bí ẹni tí ń fa tákàdá kọjá lórí àbẹ́là, tí ó ń jó o níhò níhò. Ilẹ̀ òkun ibẹ̀ ń sún ní bí sẹ̀ǹtímítà 7 sí 10 lọ́dọọdún. Ní ọdún 1971, ará Amẹ́ríkà kan, Jason Morgan, fi kún un pé òpó òkúta gbígbóná ni ó ń gòkè wá láti ìsàlẹ̀ mántù tí ó ń bọ́ irú iná bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n báwo ni òpó náà ṣe rí? Àwọn kan bá ní: ẹ jẹ́ kí a ṣe kékeré rẹ̀ kí a wò. Ní ọdún 1975, Whitehead àti Luther ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde. Wọ́n fi ohun olómi fífúyẹ́ sábẹ́ èyí tí ó wúwo, wọ́n sì rí i pé bí èyí tí ń dìde bá ṣàn ju èyí tí ó yí i ká lọ, orí rogodo ni yóò ní, ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ ni yóò sì máa bọ́ ọ láti ìsàlẹ̀. Ní ọdún 1990, Ross Griffiths àti Ian Campbell ní Canberra, olú-ìlú Ọsirélíà, tún fi ooru kún un. Wọ́n fi omi ṣúgà kíki tí ó tutù kún àpótí, irú èyí tí àwọn tí ń ṣe súwíìtì ń lò, wọ́n sì ń rọra fún irú rẹ̀ kan náà tí ó gbóná, tí wọ́n pa láwọ̀, wọlé láti ìsàlẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi yan omi ṣúgà ni pé bí ó bá tutù a ki gan-an, bí ó bá gbóná a ṣàn wẹ́rẹ́, gẹ́gẹ́ bí òkúta mántù náà ti ń rọ̀ bí ooru rẹ̀ bá pọ̀ sí i.

Ohun tí wọ́n rí ni pé bí orí náà ti ń gòkè, ó ń tóbi sí i. Ó ń mú èyí tí ó yí i ká gbóná, ó ń fà á mọ́ra, ó ń ká a sínú bí ẹni ká ẹní. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ dé ìwọ̀n ilẹ̀ gan-an, wọ́n ní orí tí ó bá ti ìsàlẹ̀ mántù wá lè fẹ̀ tó 1,000 kìlómítà kí ó tó dé òkè, ó ju láti Èkó dé Kánò lọ bí ẹyẹ bá fò ó tààrà. Bí ó bá kan èèpo ilẹ̀, a tẹ́ pẹrẹsẹ, a sì fẹ̀ tó ìlọ́po méjì. Wọ́n ní èyí ni ó fà á tí òkúta yíyọ́ fi tú jáde ní Deccan ní Íńdíà ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 66 sẹ́yìn, tí ó sì bo ilẹ̀ tí ó tó bí ìdajì Nàìjíríà. Orí ni ó kọ́kọ́ dé, òun ni ó da èyí púpọ̀ sílẹ̀. Ìrù tí ó tẹ̀lé e kéré, ó ń dà á díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, lábẹ́ erékùṣù Réunion nínú Òkun Íńdíà ni wọ́n sì ní ó wà lónìí, níbi tí òkè oníná kan ti ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tí mo ka èyí tán, mo ní àwọn ọmọ kíláàsì mi gbọ́dọ̀ fi ojú ara wọn rí i. A kò ní àpótí Canberra, ṣùgbọ́n oyin kò wọ́n ní ìlú wa.

Mo ra ìgò oyin ńlá kan lọ́wọ́ ẹni tí ó ń kiri. Mo dà á sínú ìgò gíga ẹlẹ́nu gbòòrò, mo ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo gbé oyin díẹ̀ sínú omi gbígbóná kí ó lè gbóná, mo fi àwọ̀ pupa àwọn oníkéèkì kán an, mo fà á sínú abẹ́rẹ́ tí ó tóbi, mo sì tì í gba inú rọ́bà. Ha! Ẹsẹ̀ kan náà ni ohun pupa náà ta sókè bí èéfín, ó yí bìrí bìrí, gbogbo ìgò sì pọ́n. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ nínú àwòrán. Mo tọ́ oyin náà wò: oyin alábùlà ni, omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú rẹ̀ o. Ohun tí ó bá ṣàn bí omi, bí ẹ bá tì í, á ṣì máa sáré lọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti jáwọ́, bíi kẹ̀kẹ́ tí a tì lórí títì. Ohun tí ó ki gan-an, ibi tí ẹ bá ti jáwọ́ ni yóò dúró sí, bí ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ńlá. Irú ti ẹrẹ̀ yìí ni òkúta mántù. Nítorí náà kì í ṣe gbogbo nǹkan ni ó lè dúró fún ilẹ̀ nínú ìgò. Omi lásán á purọ́ fún wa, àbùlà á sì purọ́ fún wa pẹ̀lú.

Lọ́jọ́ ọjà, mo wọ ìsọ̀ àwọn olóyin. Wọ́n júwe ìyá kan fún mi tí ó ń ta òrí àti oyin, wọ́n ní tirẹ̀ kò lábùlà. Mo débẹ̀, mo bá ọ̀dọ́bìnrin kan tí ó pọn ọmọ. Ó kí mi, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. Ó ní: "Ti jíjẹ ni àbí ti oògùn, sà?"

Mo ní: "Ti ẹ̀kọ́ ni, ìyá. Mo ń wá èyí tí ó ki, tí kò sì lómi." Ó ti igi bọ inú kẹ́ẹ̀gì, ó gbé e sókè. Oyin náà sọ̀ kalẹ̀ bí okùn, bí ó ti ń dé ìsàlẹ̀ ni ó ń ká lé ara rẹ̀ róbóróbó. Ó ní: "Ẹ wò ó sà, èyí tí wọ́n bu omi là kì í ká báyìí." Ó wá béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, mo sì ṣàlàyé fún un pé òkúta ni mo fẹ́ fi hàn, òkúta líle tí ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ láìdi omi.

Ó dákẹ́. Ó gbé igi náà sílẹ̀. Ó ní: "Mo ti sọ fún yín rí, sà."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo wo ojú rẹ̀, ara mi sì tutù. Mo ní: "Ìwọ ni?" Ó ní: "Èmi ni, sà. Ọmọ ìyá olóòrí."

Mo ṣí fìlà mi láàárín ọjà. Mo ní: "Ìyá ọmọ, gbèsè rẹ ń bẹ lọ́rùn mi. Ohun tí o sọ lọ́jọ́ náà, òótọ́ ni. Èmi ni n kò mọ̀ ọ́n. Ìtìjú ara mi ni mo nà sí ọ lẹ́yìn. Jọ̀ọ́, má bínú."

Ó ní kí n dé fìlà mi, pé àwọn ènìyàn ń wò wá. Lẹ́yìn náà ó ní: "Sà, ẹgba yẹn kò pẹ́ kí ó tó jinná. Ohun tí ó ṣe mí ni pé láti ọjọ́ náà, bí ìbéèrè bá dé ẹnu mi, mo máa ń gbé e mì. Mo ṣe bí òmùgọ̀ ni ó ń béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe títí mo fi jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama."

Ẹ gbọ́, kò sí ẹgba tí ẹnikẹ́ni nà mí rí tí ó dùn mí tó gbólóhùn yẹn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá wò ó ní ọjọ́ Ẹtì. Ó wọn oyin fún mi, ó sì gba owó rẹ̀ pé o, kò yọ kọ́bọ̀. Oníṣòwò gidi ni.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó dé, ó jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ìgò oyin ti sùn nínú fìríìjì mọ́jú. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn rẹ̀ kí inú rẹ̀ lè mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ti oyin pupa náà, mo ń rọra tì í bí ẹni ń fún ọmọ ìkókó lóògùn. Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí nǹkan. Nígbà tí ó yá, nǹkan pupa kan yọ ní ìsàlẹ̀ bíi bọ́tìnnì. Ó di bí ẹ̀pà, ó di bí obì. Ó gbéra nílẹ̀. Ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ kan so ó mọ́ ìsàlẹ̀. Etí orí rẹ̀ ń ká sísàlẹ̀ bí etí olú. Ó ń gòkè lọ, kò kánjú, gbogbo kíláàsì sì pa rọ́rọ́ tí a fi ń gbọ́ ìró ẹyẹ níta. Ó dé òkè, ó tẹ́ bí àwo. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó gbà nínú ìgò. Nínú ilẹ̀, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún ni.

Ọmọkùnrin kan na ọwọ́. Ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé oyin wá ni ilẹ̀ ni?"

Tẹ́lẹ̀ rí, mo lè ti wá pàṣán. Mo ní: "O ṣeun. Ilẹ̀ kì í ṣe oyin." Mo sọ fún wọn pé oyin inú ìgò wa kò lè yọ́ jáde bí òkúta ti ń ṣe, kò sì sí èèpo tí ń sún lórí rẹ̀. Mo ní àwọn onímọ̀ náà mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún ìgò wọn ṣe. Ní Faransé, obìnrin kan, Anne Davaille, fi ohun olómi méjì tí ìwọ̀n wọn yàtọ̀ lé ara wọn, ó gbóná wọn láti ìsàlẹ̀, ó sì mú wọn tutù láti òkè. Ní ọdún 1999, ó tẹ̀ ẹ́ jáde pé kì í ṣe òpó tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ni ó ń dìde, òkìtì ńláńlá náà lè dìde kí ó sì tún rì. Ní ọdún 2015, Scott French àti Barbara Romanowicz ní Berkeley ní Amẹ́ríkà fi ìmìtìtì ilẹ̀ wo abẹ́ Hawaii àti àwọn ibòmíràn. Wọ́n rí òpó tí gbòǹgbò wọn wà ní ìsàlẹ̀ mántù lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ̀ ju ìrù tí omi ṣúgà fi hàn lọ. Ìgò sọ òótọ́ pé òpó wà. Kò sọ gbogbo òótọ́ nípa bí ó ti sanra tó. Àwọn onímọ̀ kan sì wà tí kò gbà pé òpó ni ó ń bọ́ gbogbo òkè wọ̀nyí.

Mo fi èyí tí ó súnmọ́ wa kún un. Òkè Kamẹrúùnù, tí ó ga tó bí mítà 4,095, yọ iná ní ọdún 1959, ní 1982, ní 1999 àti ní 2000. Ọ̀wọ́ àwọn òkè bẹ́ẹ̀ tò láti inú òkun wọ orí ilẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tò ní ọjọ́ orí bíi ti Hawaii, àgbà àti èwe wọn dàpọ̀ mọ́ra. Nítorí náà àríyànjiyàn ń lọ lórí bóyá òpó ni ó wà lábẹ́ wọn.

Mo rò pé ẹ̀kọ́ ti parí. Mo ń nu ọwọ́ mi, nígbà tí mo rí ọwọ́ kan lókè, lẹ́yìn. Ìyá ọmọ náà ni. Àwọn ọmọ yíjú wò ó. Ó dìde, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí ó bá tutù lójú ọ̀nà kí ó tó dé òkè ńkọ́?"

Mo ní: "Wá síbí, kí a jọ wò ó." Ó jáde wá. Mo fi abẹ́rẹ́ náà lé e lọ́wọ́, mo ní kí ó ti ẹ̀kán kékeré kan péré. Ó tì í. Ẹ̀kán náà gbéra díẹ̀, ó lọ́ra, ó dúró. Kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Ooru rẹ̀ ti tán lójú ọ̀nà. Àwọn ọmọ sì fúnra wọn sọ ọ́ pé èyí tí ó kéré kì í dé òkè, èyí tí ó bá tóbi ni ooru rẹ̀ ń gbé délé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí nínú àwọn ìwé tí mo kà. Ìbéèrè kan ni ó mú wa débẹ̀, n kò sì ní in nínú ohun tí mo kọ sílẹ̀ láti kọ́ wọn lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí ọmọ bá bi yín ní ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ sọ fún un pé ẹ ó lọ wá a. Kò ní kí ẹ má jẹ́ tíṣà. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin ni ẹ mọ oyin alábùlà yàtọ̀ sí ojúlówó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bi àwọn ọmọ yín léèrè ohun tí tíṣà sọ, kí ẹ sì gbọ́ ohun tí àwọn fúnra wọn rò. Àbùlà wà nínú ẹ̀kọ́ pẹ̀lú, èmi ni mo tà á fún odindi kíláàsì kan.

Pàṣán mi ṣì wà nílé o, ewúrẹ́ ni mo fi ń lé. Ní ti ìyá olóyin, ó ní òun yóò tún wá ní ọjọ́ Ẹtì mìíràn, pé ìbéèrè òun kò tíì tán. Mo ti ní kí wọ́n gbé àga kan sí iwájú fún un.

Ó dìgbà kan ná.